Omi Tó Ń Ṣàn Sórí Ayùn

Òórùn òkúta tútù ni ohun àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ dáadáa nílùú Torino. Kí n tó mọ orúkọ àdúgbò tí à ń gbé, kí n tó lè pe orúkọ ibi tí mo ti ń wọ tram, ọkọ̀ ojú irin àárín ìlú, lọ síbi iṣẹ́, mo ti mọ òórùn yẹn. Ó jọ òórùn ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi sí, àmọ́ ó tutù jù ú lọ, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Tí mo bá délé nírọ̀lẹ́, ọmọ mi obìnrin á gbé imú sún mọ́ ìborùn mi, á ní, "Mamma, sai di muro." Ó ní mò ń rùn bí ògiri. Màá ní kó lọ jókòó síbi ìwé rẹ̀, àmọ́ nínú lọ́hùn-ún mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ.

Télọ̀ ni mo jẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí n tó wá bá ọkọ mi ní Ítálì. Mo mọ aṣọ rán, àmọ́ ẹ̀rọ tí a fi ń rán an gan-an ló máa ń wù mí wò. Nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, tí ọ̀gá mi bá ti jáde, màá tú ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ náà, màá fọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀, màá máa wo bí òwú ṣe ń gòkè tó tún ń sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀gá mi á dé, á pariwo pé ṣé aṣọ ni wọ́n ní kí n wá kọ́ ni àbí iṣẹ́ mẹ́káníìkì. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ ló máa ń bá mi bẹ̀bẹ̀. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé òun náà wá fẹ́ ọkọ tó ń gbé ní Ítálì lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ń bọ̀.

Nígbà tí mo dé Torino, kò sẹ́ni tó ń wá télọ̀ tí kò gbọ́ èdè. Cooperativa kan tó ń kó èèyàn lọ síbi iṣẹ́ ìmọ́tótó ló gbà mí. Wọ́n ní kí n máa lọ sí noleggio kan lẹ́yìn ìlú, níbi tí àwọn tó ń kọ́lé ti máa ń yá irinṣẹ́. Láàárọ̀, màá gbálẹ̀ ọ́fíìsì. Lọ́sàn-án, màá wọ bàtà rọ́bà, màá sì fọ gbogbo irinṣẹ́ tí wọ́n bá dá padà, kí mẹ́káníìkì tó yẹ̀ wọ́n wò. Mo fọ ẹ̀rọ tó ń po sìmẹ́ńtì, mo fọ èyí tó ń gbẹ́ ilẹ̀, mo fọ ayùn.

Ayùn tí wọ́n fi ń gé bíríkì àti òkúta kò jọ ti káfíńtà rárá. Ó dà bíi tábìlì irin tó ga dé ìbàdí. Lókè, abẹ rìbìtì kan wà tó fẹ̀ ju àwo oúnjẹ lọ. Nísàlẹ̀, ọpọ́n irin kan wà tí wọ́n ń bu omi sí, inú omi yẹn sì ni pọ́ọ̀ǹpù kékeré kan máa ń jókòó sí, tí kò ju ìkúùkù mi lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fa omi inú ọpọ́n, kó fi rọ́bà tín-ín-rín kan gbé e lọ sókè, kó máa dà á sára abẹ bí abẹ ṣe ń gé òkúta lọ. Omi náà á tún ṣàn padà sínú ọpọ́n, pọ́ọ̀ǹpù á tún fà á. Bó ṣe ń yí po nìyẹn títí iṣẹ́ á fi tán.

Mo rò pé wọ́n ń fi omi náà wẹ òkúta ni. Mo ti rí i bí àwọn èèyàn ibẹ̀ ṣe ń nu fèrèsé, tí wọ́n ń fọ ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n tiẹ̀ ń wẹ ajá, n ò rí ìdí tí wọn ò fi ní í wẹ òkúta kí wọ́n tó fi kọ́lé. Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi. Ọkọ mi, tó ti pẹ́ níbẹ̀ jù mí lọ, mi orí, ó ní òun náà ti kíyè sí i.

Bàbá kan ni mẹ́káníìkì ibẹ̀, irun wọn ti funfun, wọ́n sì máa ń fi okùn so awò wọn kọ́ ọrùn. Lọ́kàn mi, "Bàbá" ni mo ń pè wọ́n. Àwọn náà ń pè mí ní signora, ìyẹn màdáámú. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìyẹn sì bá mi lára mu, torí èdè Ítálì tí mo gbọ́ nígbà náà ò ju ìkíni lọ. Lọ́jọ́ kan, mo ko ara mi jọ, mo nàka sí rọ́bà tó wà lára ayùn, mo ní, "Perché l'acqua?" Kí ni omi yìí wà fún?

Bàbá dìde. Wọ́n lọ mú bíríkì kan, wọ́n fún mi ní ìbòmú, àwọn náà lo tiwọn. Wọ́n yọ rọ́bà omi kúrò, wọ́n tan ayùn, wọ́n sì gé bíríkì náà ní gbígbẹ. Kí n tó mọ̀, eruku pupa ti bo gbogbo ibẹ̀. N ò rí ojú wọn mọ́, n ò rí ọwọ́ ara mi. Nígbà tó rọlẹ̀, gbogbo ara wa ti dà bíi ti ẹni tó yí nínú iyanrìn. Wọ́n wá dá rọ́bà padà, wọ́n jẹ́ kí omi máa ṣàn, wọ́n gé èyí tó kù. Kò sí eruku, kò sí nǹkan kan, àfi omi pupa tó ń kán sínú ọpọ́n jẹ́jẹ́. Bàbá yọ ìbòmú wọn, wọ́n fi ìka kan àyà ara wọn.

"Omi ń tu abẹ lára, òótọ́ ni," wọ́n ní, díẹ̀díẹ̀ kí n lè gbọ́. "Àmọ́ ibí gan-an ló wà fún. Eruku tó bá wọ ibí, kì í jáde mọ́."

Láti ọjọ́ yẹn, n ò lè fọ ayùn kan kí n má tẹ̀ ba wo pọ́ọ̀ǹpù rẹ̀.

Páálí kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì iṣẹ́ Bàbá tí wọ́n ń ju àwọn pọ́ọ̀ǹpù tó ti kú sí, kì í sì í pẹ́ kún. Tí ayùn bá dé, Bàbá á ki wáyà rẹ̀ bọ iná, wọ́n á tẹ́tí. Tí pọ́ọ̀ǹpù ò bá dún, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á jù ú sínú páálí, wọ́n á fi tuntun sí i. Ẹni tó ni noleggio náà máa ń bínú sí àwọn tó ń ta pọ́ọ̀ǹpù fún un, ó ní ayédèrú ni wọ́n ń kó wá. Àwọn tó ń yá ayùn máa ń bínú sí ẹni tó ni noleggio. Èmi tí mò ń fọ ẹ̀gbin ò bínú sí ẹnikẹ́ni. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tó ń pa wọ́n ni.

Mo tọrọ díẹ̀ nínú àwọn òkú pọ́ọ̀ǹpù yẹn. Bàbá wò mí lókè awò wọn.

"Kí lẹ fẹ́ fi wọ́n ṣe, signora?"

"Mo fẹ́ wo inú wọn ni."

Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n wá fún mi ní irin kékeré kan tí wọ́n fi ń tú ẹ̀rọ. Wọ́n ní, "Ẹ má ki wáyà rẹ̀ bọ iná o, tí ọwọ́ yín bá ṣì wà nínú omi."

Orí tábìlì ìjẹun ni mo ti tú wọn nílé. Ọmọ mi figbe ta, "Mamma, ma qui ci mangiamo!" Ó ní ibi tí a ti ń jẹun mà nìyí. Mo tẹ́ bébà, mo ní kó má wulẹ̀ pariwo. Àmọ́ kò kúrò níbẹ̀, òun náà fẹ́ rí i. Asẹ́ kan ló wà níwájú pọ́ọ̀ǹpù náà, lẹ́yìn asẹ́ ni ìdérí, lábẹ́ ìdérí ni abẹ̀bẹ̀ rọ́bà kékeré kan tí irin òòfà wà nínú rẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ yẹn ló yẹ kó máa yí kó lè máa ti omi lọ sókè. Ṣùgbọ́n èyí tí mo tú ò lè yí síbì kankan. Nǹkan funfun kan ti di mọ́ ọn lára gbágbáágbá, bí ẹ̀kọ tó gan sídìí ìkòkò. Èrò mi àkọ́kọ́ ni pé ẹnì kan ló ń da mílíìkì sínú omi yẹn.

Mo fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ ha á, mo rẹ ẹ́ sínú aceto, ìyẹn fínígà tí wọ́n ń fi sí ewébẹ̀, mo sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nǹkan funfun yẹn ti rọ̀, abẹ̀bẹ̀ ti ń yí. Mo tò ó padà, mo gbé e sínú abọ́ omi, mo nu ọwọ́ mi gbẹ, mo ní kí gbogbo èèyàn sún sẹ́yìn, mo ki wáyà bọ iná. Ó dún wùùù. Mo ti gbàgbé pé ẹnu rẹ̀ ló ń pọ omi jáde, ẹnu náà sì kọjú sókè. Omi lọ bá àjà, ó sì tibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sórí ọkọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibi iṣẹ́ dé láti ilé ìkẹ́rùsí kan nílùú Novara. Ó kígbe "Jésù!" ó sá padà sórí àtẹ̀gùn, ó rò pé páìpù ilé ló bẹ́. Ọmọ mi ń fò sókè, ó ń pariwo pé ó ti ń ṣiṣẹ́, "Funziona! Mamma, funziona!" Inú mi dùn débi pé n ò rántí bẹ ọkọ mi.

Mo gbé pọ́ọ̀ǹpù náà lọ fún Bàbá. Wọ́n dán an wò nínú korobá, wọ́n ní "Brava," ìyẹn ni pé mo káre. Wọ́n wá ní, "Ẹ ti mọ ohun tó dí i. Ẹ ò tíì mọ ìdí tó fi dí. Gbogbo wọn ló ń mu ẹrẹ̀ kan náà. Kí ló dé tí ti àwọn kan ń pẹ́, tí ti àwọn kan kì í pẹ́?" Mo bi wọ́n bóyá àwọn mọ̀ ọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti fẹ́ mọ̀, iṣẹ́ ni kì í jẹ́.

Ìbéèrè yẹn ò jẹ́ kí n gbádùn. Mo kọ́kọ́ pinnu pé irú òkúta tí wọ́n ń gé ló fà á. Kò pẹ́ tí mo rí i pé àwọn tó ń gé mábù àti àwọn tó ń gé bíríkì lásán jọ ń pa pọ́ọ̀ǹpù ni. Mo tún pinnu pé omi ìlú ni, torí funfun tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìkòkò tí mo fi ń se omi tíì. Ó dá kún un lóòótọ́, àmọ́ omi kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Ó wá ku èrò kan tí mo gbà gbọ́ gidigidi fún bí oṣù kan, pé àwọn tó bá ń pariwo nídìí káńtà ni pọ́ọ̀ǹpù tiwọn máa ń kú. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omijé fi dé ojú wọn nígbà tí mo sọ ọ́.

Oníbàárà wa kan, arúgbó tó ń tẹ́ tàìlì, ló yanjú ọ̀rọ̀ náà fún mi, kò sì mọ̀. Kò sẹ́ni tó ń yá ayùn lemọ́lemọ́ bíi rẹ̀, síbẹ̀ pọ́ọ̀ǹpù rẹ̀ kì í kú. Lọ́jọ́ kan tó dá a padà, mo wo inú ọpọ́n, ó gbẹ, ó sì mọ́ tónítóní. Mo bi í léèrè. Ó ní ìyàwó òun ò gbà kí omi ẹlẹ́gbin dà sínú ọkọ̀ àwọn, nítorí náà, tí iṣẹ́ bá parí, òun máa ń da omi náà nù, òun á bu omi mímọ́, òun á jẹ́ kí pọ́ọ̀ǹpù mu ún díẹ̀, kí òun tó gbé e sínú ọkọ̀.

Ìgbà yẹn ni gbogbo rẹ̀ yé mi. Àwọn yòókù máa ń fi ayùn wọn sílẹ̀ ní cantiere, ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé, pẹ̀lú omi nínú ọpọ́n láti ọjọ́ Ẹtì di ọjọ́ Ajé. Tí ayùn bá ń ṣiṣẹ́, ẹrẹ̀ òkúta ò ráyè jókòó. Tó bá dúró, ẹrẹ̀ á rọra rọ̀ sísàlẹ̀, á gba inú asẹ́ wọlé, á yí abẹ̀bẹ̀ ká, á sì dì. Lọ́jọ́ Ajé tí wọ́n bá tan iná, pọ́ọ̀ǹpù á fẹ́ yí, kò ní í lè yí, á gbóná títí á fi jó. Iṣẹ́ kọ́ ló ń pa á, ìsinmi ni. Nígbà òtútù, omi tí wọ́n fi sílẹ̀ á tún di yìnyín, á sì la ara pọ́ọ̀ǹpù. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Bàbá, wọ́n lu tábìlì lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n gé tàìlì pẹlẹbẹ kékeré kan, wọ́n fi í sábẹ́ pọ́ọ̀ǹpù ayùn tó wà níwájú wọn kó lè ga kúrò nínú ẹrẹ̀, wọ́n ní, "Èyí náà á ràn án lọ́wọ́."

Bóyá ibẹ̀ ni ìtàn yìí ì bá parí sí, ká ní n ò lọ sí Padova lọ́dún yẹn.

Àwọn ìjọ wa láti Torino, Bologna àti Padova ló ṣe ìsìn àpapọ̀ níbẹ̀ nígbà Àjíǹde. Ilé ọ̀rẹ́ mi tí a jọ kọ́ṣẹ́ télọ̀ ni a sùn sí. Bíríkìlà ni ọkọ rẹ̀, Bùrọ̀dá ni mo máa ń pè wọ́n. Nínú ìsìn, mo gbọ́ tí wọ́n ń wúkọ́ lẹ́yìn wa, ikọ́ gbígbẹ tí kì í mú nǹkan kan jáde. Nígbà tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi ń bẹ iṣu nílé ìdáná, ó ní, "Ó ti pẹ́ o. Wọ́n ní òtútù ni. Mo ti fi atalẹ̀ àti oyin ṣe é títí, kò gbọ́." Mo jáde sí bákónì láti lọ da èèpo iṣu nù. Aṣọ iṣẹ́ Bùrọ̀dá wà níbẹ̀ lórí okùn. Apá mi gbá a, eruku sì tú jáde lára rẹ̀, ó rọra ń lọ nínú afẹ́fẹ́.

Mo dúró, mo ń wò ó. Mo mọ nǹkan yẹn. Ojoojúmọ́ ni mò ń fọ̀ ọ́ nù ní Torino. Àmọ́ ẹrẹ̀ ni mo mọ̀ ọ́n sí; kì í dé ọ̀dọ̀ mi ní eruku.

Nígbà tí a jẹun tán, mo ní, "Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ayùn tí ẹ fi ń gé bíríkì níbi iṣẹ́, ṣé ó ń mu omi?"

"Omi kẹ̀?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gé ẹ̀rín náà. "Sístà, pọ́ọ̀ǹpù yẹn ti kú láti ìgbà òtútù. Ọ̀gá ní domani, domani, lọ́la, lọ́la. A máa ń fi aṣọ di imú, ọwọ́ wa sì tún ń yá."

N ò mọ bí mo ṣe sùn. Lọ́jọ́ tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo sọ ọ́ fún Bàbá. Wọ́n fi ohun tí wọ́n ń ṣe sílẹ̀. Wọ́n ní kí Bùrọ̀dá ya fọ́tò ayùn náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp, wọ́n wo àwo kékeré tó wà lára rẹ̀ tó sọ irú iná tó ń lò, wọ́n sì mú pọ́ọ̀ǹpù tuntun kan tó bá a mu lórí pẹpẹ. Wọ́n dì í sínú àpò mi pẹ̀lú irin tí wọ́n fi ń de rọ́bà. Wọ́n ní kí n má dààmú nípa ọ̀gá wa tó ni noleggio, àwọn á bá a sọ ọ́.

"Ṣé ẹ máa bá mi lọ ni?" mo bi wọ́n.

"Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Ẹ mọ̀ ọ́n."

Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí lẹ́rù ju ìrìn-àjò náà lọ. Nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Padova lọ́jọ́ Sátidé, mo gbé àpò náà lé itan bí ẹni gbé ọmọ, mo sì ń tò ó lọ́kàn: kí n kọ́kọ́ yọ iná, kí n da omi nù, kí n tú rọ́bà. Ta ló rán mi níṣẹ́ gan-an? Aṣọ ni mo kọ́.

Àgbàlá ọ̀gá Bùrọ̀dá ni ayùn náà wà, lẹ́yìn ìlú. Ara Ítálì ni ọkùnrin náà, òun àti ìyàwó rẹ̀ ló ń darí iṣẹ́ ìkọ́lé kékeré kan. Ó wò mí, ó wo báàgì ọwọ́ mi, ó wo ìborùn mi. "È lei il tecnico?" Ṣé èyí ni mẹ́káníìkì? Ojú ti Bùrọ̀dá. Wọ́n ní, "È mia cognata." Wọ́n ní àna àwọn ni mí. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ hàn mí pé kí n máa ṣe é.

Mo yọ wáyà kúrò nínú iná, mo sì fi kọ́ ara mi lọ́rùn kí ẹnikẹ́ni má baà tàn án nígbà tí ọwọ́ mi bá wà nínú rẹ̀. Ẹrẹ̀ tó wà nínú ọpọ́n ti di bíi ilẹ̀ yàrá. Ṣísù ni Bùrọ̀dá fi gbẹ́ ẹ. Pọ́ọ̀ǹpù tó ti kú náà jáde nínú rẹ̀ bí òkúta. Mo tú rọ́bà, mo fẹ́ ti tuntun bọ̀ ọ́, kò wọ̀. Rọ́bà ti le, ẹnu pọ́ọ̀ǹpù tuntun sì tóbi díẹ̀ jù ú lọ. Mo ní, "Acqua calda, per favore." Mo tọrọ omi gbígbóná. Ìyàwó ọ̀gá sáré wọlé, ó sì gbé ife omi gbígbóná wá pẹ̀lú tíì nínú rẹ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ kan létí. Mo dúpẹ́, mo yọ tíì, mo sì ti ẹnu rọ́bà náà bọ inú ife. Nígbà tó rọ̀, ó wọlé wẹ́rẹ́. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àyà mi sì balẹ̀ díẹ̀.

Mo fi irin dè é, mo gbé pọ́ọ̀ǹpù lé orí àfọ́kù tàìlì, a bu omi mímọ́. Mo bọ́ wáyà kúrò lọ́rùn, mo nu ọwọ́ mi, mo ki í bọ iná. Ó dún wùùù. A ń wo abẹ. Omi ò jáde.

Ọ̀gá náà wo Bùrọ̀dá, Bùrọ̀dá wo ilẹ̀. Ó ṣe mí bíi kí n gbé àpò mi kí n máa lọ, àmọ́ bó ṣe ń bà mí lẹ́rù náà ló ń ṣe mí bíi kí n mọ̀: ó ń dún, ó ń yí, níbo ni omi wá ń lọ? Mo pa iná, mo tú rọ́bà náà lókè, níbi tó ti so mọ́ ìdérí abẹ, mo tún tan iná. Omi pọ̀ jáde sí mi láyà. Ẹ̀yìn ibẹ̀ ni wàhálà wà nígbà náà, nínú páìpù kékeré tó lọ sídìí abẹ. Mo tún yọ wáyà, mo tún fi kọ́rùn, mo ní kí wọ́n fún mi ní wáyà irin tín-ín-rín. Mo ń gún un, ẹrẹ̀ gbígbẹ sì ń jáde ní wẹ́wẹ́ bí ẹfun. Nígbà tí a tún tan iná, omi ṣàn wá sí ọ̀tún àti òsì abẹ náà, ó ń dán nínú oòrùn.

Ọ̀gá náà fúnra rẹ̀ ló wọ awò àti ìbòmú, ó gbé bíríkì kan, ó gé e. Omi pupa ló ń kán. Ó gé òmíràn, ó tún gé òmíràn tí ẹnikẹ́ni ò nílò. Nígbà tó pa ayùn, ó wúkọ́. Ikọ́ gbígbẹ kan náà ni, n ò tíì kíyè sí i tẹ́lẹ̀.

"Bàbá mi máa ń wúkọ́ báyìí," ó ní. "Bíríkìlà ni. Mo rò pé gbogbo bíríkìlà ló ń wúkọ́."

Lẹ́yìn náà, ó bi mí ní ohun tó yẹ kí àwọn máa ṣe fún pọ́ọ̀ǹpù náà nírọ̀lẹ́, mo sì ṣe é lójú rẹ̀: a da omi nù, a ṣan ọpọ́n, a jẹ́ kó mu omi mímọ́. Ìyàwó rẹ̀ dúró tì wá, òun ló ń béèrè jù.

Kí n tó wọ ọkọ̀ padà, mo sọ fún Bùrọ̀dá pé omi yẹn ò lè fọ èyí tó ti wọlé, kí wọ́n lọ rí dókítà. Wọ́n ní àwọn á lọ. Ọ̀rẹ́ mi ò gbà "á lọ," ó fà wọ́n lọ́wọ́ lọ. Àwòrán àyà tí wọ́n yà fi hàn pé àpá ti wà nínú ẹ̀dọ̀fóró wọn. Dókítà ní àpá náà ò ní í lọ, àmọ́ tí wọ́n bá jìnnà sí eruku, ó lè má tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rẹ́ mi sunkún lórí fóònù, èmi náà sunkún ní Torino. Bùrọ̀dá fi iṣẹ́ bíríkìlà sílẹ̀, wọ́n kó lọ sí Piacenza, ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ikọ́ náà dín kù, kò tán. Wọn kì í lè gun àtẹ̀gùn kíákíá. Tí a bá sì jọ gba Padova kọjá nínú mọ́tò, wọ́n á máa nàka sí àwọn ilé, wọ́n á ní, "Ṣé ẹ rí ògiri yẹn? Èmi ni." Ohùn wọn kì í bàjẹ́ tí wọ́n bá ń sọ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi nìkan ló máa ń kọjú sí fèrèsé.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà. Bàbá mẹ́káníìkì ti fẹ̀yìn tì, wọ́n padà sí abúlé wọn lórí òkè, wọ́n sì máa ń pè mí nígbà Kérésì. Èmi ni mo wà nídìí tábìlì iṣẹ́ yẹn báyìí. Ẹni tó bá wá yá ayùn lọ́dọ̀ wa, èmi ni màá fi bó ṣe máa da omi nù nírọ̀lẹ́ hàn án kó tó gbé e lọ. Àwọn mìíràn máa ń tẹ́tí, àwọn mìíràn á máa wo fóònù wọn.

Mo sábà máa ń ronú nípa wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lọ. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, n ò mọ orúkọ wọn, n ò sì ní í mọ̀ ọ́n. Wọ́n á gbé ayùn dé ibi tí n ò dé rí, wọ́n á máa gé òkúta, wọ́n á máa mí, wọn ò ní í rò ó. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Àmọ́ tí mo bá wà nínú tram, tí mo gbọ́ ohùn ayùn lẹ́bàá ilé tí wọ́n ń kọ́, mo ṣì máa ń yọ ojú lójú fèrèsé láti wò ó bóyá omi ń kán. Tó bá ń kán, màá jókòó padà. Nígbà mìíràn, eruku ló máa ń jáde, màá sì sọ̀ kalẹ̀ níbi tí kì í ṣe ibi tí mò ń lọ. Àwọn kan ti dá mi lóhùn dáadáa, wọ́n ti pa ayùn, wọ́n sì ti jẹ́ kí n tẹ̀ ba wò ó. Àwọn kan ti ní kí n máa bá ọ̀nà mi lọ. Màá dúró de tram mìíràn, n ò ní í mọ̀ bóyá wọ́n wá omi wá lẹ́yìn mi.